Gbọn Bàtà Rẹ Kó O Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹ kọ́kọ́ forí jì mí ná. Orí mi ò di nǹkan mú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn màá rántí àwọ̀ aṣọ tí dókítà wọ̀, màá wá gbàgbé ohun tó sọ. Bí mo bá fi ti ẹ̀yìn ṣíwájú, ẹ bá mi tò ó. Mi ò mọ̀wé. Ràlíà, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí yìí tó ń kọ ọ́. Ilé ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ ò jinlẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kì í ṣe ohun tó bá wù ú. Ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ, bí mi ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń kọ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rojọ́ ara rẹ̀ káàkiri. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ohun tí wọ́n ń pè nílé ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Pàápàá ẹ̀yin tí egbò wà lẹ́sẹ̀ yín báyìí, tí ẹ sì ti mọ ẹni tó fi ṣe yín. Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ tèmi.

Ìlọrin ni wọ́n ti bí mi. Ọmọdé ni mo wà tí mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sí Niamey, pákó ni mo sì ń tà ní ọjà Katako láti ìgbà náà. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin ti padà sílé. Sìdíkátù ló kù, Sìdí là ń pè é, òun ni ìyá Ràlíà. Ọkọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní Líbíà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ni Sìdí bá kó ọmọ rẹ̀ padà wá sí ilé mi ní Banifandou.

Òùngbẹ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò gbẹ, ni mi ò fi kà á sí. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi mi tó máa ń tó mi mu títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó tó di ọ̀sán ó ti tán. Mo fura. Mo rò pé ẹnì kan ń wá bù ú mu lẹ́yìn mi. Mo fi èédú fa ìlà sínú ìkòkò náà kí n lè mọ ibi tí omi dé, mo sì jókòó tì í. Èmi náà ni mo mu ún kọjá ìlà. Síbẹ̀ mi ò gbà, mo ní bóyá ìkòkò ló ń jò.

Lẹ́yìn náà ni èèrà. Ògiri kan wà lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti máa ń tọ̀ bí ilé ìwẹ̀ bá jìnnà sí mi. Sìdí ló lọ gbálẹ̀ níbẹ̀ tó pè mí.

"Baba, ẹ wá wo èèrà. Ṣé ẹ da oyin síbí ni?"

"Kí ni màá da oyin sílẹ̀ fún?"

"Wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ibi tí ẹ ti ń tọ̀ gan-an ni."

Mo ní kó gbájú mọ́ ilẹ̀ tó ń gbá. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣòkòtò mi sì ti ń já bọ́ nídìí mi. Ní Katako wọ́n ti rí i kí èmi tó rí i. Hama, ọmọ Zarma kan, ẹ̀yà onílẹ̀ níbí, tó ń ta irin àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló sọ ọ́ jáde. Hausa la jọ ń sọ, Bayarabe ló sì máa ń pè mí, ọmọ Yorùbá nìyẹn.

"Bayarabe, ẹ ti ń tín-ín-rín bíi pákó tí ẹ̀ ń tà. Ó kù díẹ̀ kí a ṣèèṣì tà yín mọ́ ọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi àti Hama ò gbọ́ ara wa yé nítorí ilẹ̀. Irin rẹ̀ máa ń yọ́ wọ ibi tèmi díẹ̀díẹ̀, lónìí páìpù, lọ́la ìlẹ̀kùn mọ́tò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní irin ò lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo fi ẹsẹ̀ ta pàǹtí rẹ̀ kan padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá ní: "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹsẹ̀ yín náà ló máa gbé yín kúrò níbí, ilẹ̀ á wá kù fún mi." Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sínú.

Ó yẹ kí n sọ ti ìbò kí n má baà gbàgbé. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ nílùú yìí, àsìkò ìbò ni àsìkò ọjà wa. Gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ pèpéle tí aṣíwájú wọn á dúró lé. Wọ́n á ra pákó, wọ́n á kàn án, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà. Bí ariwo bá tán, wọ́n á kó o padà wá fún wa ní owó pọ́ọ́kú, a óò máa yọ ìṣó rẹ̀. Àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣàìsàn yìí. Ìṣó wà nílẹ̀ ìsọ̀ mi bí àgbàdo tó dà.

Ó wá kan ti Sìdí. Ó ń bá òyìnbó obìnrin kan tọ́jú ọmọ ní àdúgbò Koira Kano, Madame là ń pè é. Madame yìí sọ fún un pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun nílùú wọn ti padà sí ẹ̀sìn tó wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti sọ nù, pé àwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣa á jọ. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀, fún igi, fún òṣùpá. Sìdí fi inú kan wá sọ ọ́ fún mi, ló bá fi kún un pé: "Baba, ó máa ń pe ara rẹ̀ ní *sorcière*. Ojú ò tì í rárá."

Mo gbọ́ Faransé yẹn dáadáa. Àjẹ́ ni. Láyé mi, mi ò tíì rí àjẹ́ tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀, tó tún ń san owó oṣù.

"Kí ló ń fún ọ jẹ níbẹ̀?" mo bi í.

"Baba, èmi ni mò ń se oúnjẹ."

"Kí ló wá ń kọ́ ọ?"

Ó ní ìwà ni. Pé èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe ọmọnìkejì ní jàǹbá. Pé ohun tó bá ti ọwọ́ ẹni tàbí ẹnu ẹni jáde, ilé ẹni náà ló ń bọ̀ wá sùn, torí náà kí èèyàn ro ẹni tó máa gbà lálejò. Pé ìbínú àti ìfura máa ń dì mọ́ inú ilé bí eruku ọyẹ́, àfi kéèyàn máa gbá a jáde.

Mo ní: "Gbogbo èyí wà nínú tiwa. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu òyìnbó lo ti gbọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà nínú tiwa lóòótọ́, Baba. Ṣùgbọ́n ta lẹ wò rí tí ẹ ò fura sí?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ṣì ń kírun, mo rí i. Ṣùgbọ́n ó ń bu iyọ̀ sí igun yàrá, ó sì ń gbálẹ̀ láti inú bọ̀ síta nìkan, kò jẹ́ gbá a wọlé. Ti tùràrí ò ṣe nǹkan, kò sílé tí wọn kì í sun ún ní Niamey. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni ti bàtà. Bí mo bá ti ọjà dé, á sáré gba sílípáàsì mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á nù ún, á dojú rẹ̀ dé, á gbọ̀n ọ́n. Ó ní ohun burúkú tí mo bá kó bọ̀ láti ọjà, kó dúró síta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ́ kí wọ́n máa fi bàtà òun ṣe nǹkan tí òun ò mọ ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni, ara ẹni ni. Mo lé e nídìí ẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kan bàtà mi mọ́ láéláé.

Ó ní, "Ó dáa, Baba." Kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí ara mi ò gbé e mọ́, ó fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. A débẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn èèyàn ti kún ilẹ̀. Tò ni wọ́n tò wá, oníkálukú di káànẹ́ rẹ̀ mú, ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ àìsàn èèyàn sí. Ẹni tó bá dìde, ipò rẹ̀ lọ nìyẹn. Àìsàn tèmi sì rèé, ìtọ̀ ni. Mo bọ́ sílípáàsì mi sí ipò mi kó máa dúró dè mí, mo sì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ, sáré bọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn mi ní: "Ta ló fẹ́ jí ìyẹn? Ìwọ̀nyí ti fẹ̀yìn tì." Mo mójú kúrò lára rẹ̀.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí. Ó gún mi níka, ó wo nǹkan, ó ní ṣúgà mi ti ga kọjá ààlà. Ó ní abẹ́rẹ́ ni màá máa gbà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ti ẹsẹ̀: kí n má rìn láìwọ bàtà, kí n máa gbọn bàtà mi kí n tó wọ̀ ọ́, kí n máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo wò ó. Ìka ló gún, ẹsẹ̀ ló ń sọ. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí. Mo wo Sìdí. Ti bàtà gbígbọ̀n yìí, ibo ni àwọn méjèèjì ti jọ pàdé tí wọ́n fi ń sọ ohun kan náà? Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mi ò ṣe é.

Sìdí kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà. Ó ń gún mi níkùn láàárọ̀ láàárọ̀, ó sì ń tọ́jú oògùn sínú ìkòkò tútù. Oògùn náà wọ́n. Pákó dáadáa tí mo tọ́jú fún òrùlé ilé mi ní Ìlọrin ni mo ń tà díẹ̀díẹ̀ fi rà á.

Àwọn ẹbí ò jẹ́ ká sinmi. Àbúrò mi, Áfáà Sàká, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ó gbé omi hàǹtú wá, omi tí wọ́n fi fọ kéwú ara wàláà, mo mu ún, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó tún gbé ìgò oyin ńlá kan wá, ó ní kí n máa lá a láàárọ̀ àti lálẹ́.

Sìdí ní: "Bàbá Áfáà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣúgà ló ń pa wọ́n, ẹ tún gbé oyin wá."

"Oyin kì í ṣe ṣúgà. Ìwòsàn ni. Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni èèrà ẹ̀yìn ilé ń jẹ, Bàbá Áfáà?"

"Wo ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé àjẹ́ tó fẹ́ kọ́ mi ní díìnì!"

Mo lá oyin náà. Ó dùn, kí n má purọ́. Ojú mi túbọ̀ ṣókùnkùn, mo sì ń rò pé abẹ́rẹ́ Sìdí ló fà á.

Lọ́jọ́ kan mo kírun ìrọ̀lẹ́ tán, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní ìkírun mi. Mo wá a káàkiri ara mi. Nígbà tí Ràlíà bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ihò kan wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ó jìn. Kò dùn mí rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, pé kò dùn mí. Egbò tó ń dunni, a mọ ibi tó ti wá. Èyí tí kò dunni ńkọ́?

Áfáà Sàká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tẹ nǹkan."

Èmi náà ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé nìyẹn bí egbò bá yọ lẹ́sẹ̀ tí a ò mọ ìdí rẹ̀: wọ́n ti gbé nǹkan sọ́nà fún un, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Hama padà sí mi létí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ yín náà ló máa gbé yín kúrò níbí. Kí ni mo tún ń wá?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ dúró níwájú irin rẹ̀.

"Hama, kí lo rì sí ẹnu ìsọ̀ mi?"

Ó rò pé àwàdà ni. "Baba ńlá mi ni mo rì síbẹ̀. Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní kí lo rì síbẹ̀!" Gbogbo Katako gbọ́. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n. Mo ní òun ló ṣe é, mo ní òun ló sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Wallahi, Bayarabe, bí mo bá fẹ́ ilẹ̀ yín, irin ni màá kó sí i. Kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?" Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń ra irin lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá. Mo rí i. Inú mi dùn sí i.

Òjò àkọ́kọ́ wá dé. Àgbàrá fọ ẹnu ọ̀nà ilé mi, ẹnu ìgò kan yọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Áfáà Sàká fi ẹ̀mú fà á jáde, kò fọwọ́ kàn án. Ìgò tí wọ́n dé pa ni. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ, àti ìṣó.

"Ìṣó!" ni Áfáà Sàká ń ké. "Ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, ihò lẹ́sẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?"

Àwọn ará ilé pé jọ. À ń sọ bí Hama ṣe ráyè wọlé wa ni Sìdí ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wo ìgò, ó wò mí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Baba, èmi ni mo rì í."

Áfáà Sàká sún sẹ́yìn kúrò nídìí ìgò náà.

Ó ní irú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Madame. Ó ní ìṣó náà ló ń dá ibi dúró kó má wọlé, pé iyọ̀ ń gbé e mì. Ó ní nígbà tí àìsàn mi bẹ̀rẹ̀ lòun ti rì í fún mi, kí ara mi lè yá.

"Ta ló ní kó o rì í? Ṣé èmi ni?"

Ó wolẹ̀. "Madame ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn láti ṣe irú ẹ̀ fún ẹni tí kò fọwọ́ sí i, bó ti wù kó dáa tó. Mo mọ̀ pé ẹ ẹ̀ ní gbà, ni mi ò fi bèèrè."

Ẹ gbọ́ ìyẹn. Títí dòní mi ò tíì gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Ohun tí wọ́n bá rì sẹ́nu ọ̀nà onílé láìsọ fún onílé, orúkọ kan ló ní níbi tí mo ti wá. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ẹnì kan máa gún mi lábẹ́rẹ́, pé ó wà nínú ìkòkò. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé Madame ní Koira Kano. Ìyẹn náà ló tún jẹ́ kí n gbà pé mo tọ̀nà. Ràlíà, ìwọ náà wà níbẹ̀. Má kọ pé o sunkún bí o ò bá fẹ́.

Mo da gbogbo oògùn inú ìkòkò náà nù, torí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Àtàǹpàkò mi dúdú, èyí tó tẹ̀lé e náà ń dúdú. Ó ń rùn. Eṣinṣin mọ ilé mi ju àlejò lọ. Àwọn ọmọ kéwú ń fi aṣọ bo imú, Áfáà Sàká náà ń jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Síbẹ̀ mo ń lọ sí ọjà, sílípáàsì mi lẹ́sẹ̀, nítorí bí mo bá jókòó sílé, Hama á gba ilẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni pé àwọn méjèèjì jọ mọ̀ nípa rẹ̀, Hama àti Sìdí. Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura, kò ní ibi tó máa dúró.

Ní Katako náà ni mo ṣubú sí. Nígbà tí mo lajú, mo rí ojú ọ̀run tó ń lọ lókè mi. Orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó irin ni mo wà. Hama ló ń tì í, òógùn bò ó.

"Ibo lò ń gbé mi lọ?"

"Ilé ìwòsàn."

"Irọ́ ni."

"Bayarabe, bí mo bá fẹ́ tà yín, ta ló máa rà yín? Ẹ ò wúwo tó irin."

Mo ń ka gbogbo kọ́nà tó yà, títí mo fi rí géètì ilé ìwòsàn lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, ìyá àgbà kan ni, Hausa lòun náà ń sọ. Ó wẹ egbò náà láìbo imú. "Kí ló gún yín lẹ́sẹ̀?"

"Kò sí ohun tó gún mi. Wọ́n fi ṣe mí ni."

"Bàtà tí ẹ wọ̀ dà?"

Hama ti kó o sórí kẹ̀kẹ́. Ìyá náà ti ọwọ́ bọ inú ti ọ̀tún, ó pariwo, ó fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ wà níka rẹ̀. Ó yí bàtà náà padà. Ìṣó kan wọ inú rọ́bà láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ títí ó fi bá rọ́bà dọ́gba, ẹnu rẹ̀ sì yọ sókè nínú bàtà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ ló ń gún mi. Gbogbo ìgbà. Ara mi ò sì sọ fún mi, nítorí ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà.

Hama fi ẹ̀mú rẹ̀ fà á yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ojú mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ìṣó. Ó gùn, ó tẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi kun pèpéle òṣèlú tó wà nílẹ̀ mi ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìsọ̀ mi ló ti wá. Ìṣó inú ìgò Sìdí, kéékèèké ni, tuntun ni, irú èyí tí àwọn oníbàtà ń lò, gbogbo wọn ló sì ṣì wà nínú ìgò.

Nọ́ọ̀sì ní: "Ṣé kò sẹ́ni tó ń nu bàtà yìí fún yín ni? Ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á ti rí i."

Mi ò dá a lóhùn. Ẹni kan wà. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́.

Wọ́n gé àtàǹpàkò náà àti èyí tó tẹ̀lé e. Dókítà ní bí mo bá pẹ́ sí i, orúnkún ni wọn ì bá ti gé e. Hama ló ránṣẹ́ sí Sìdí. Mo rí i tó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá, kò wọlé.

"Baba, ṣé kí n wọlé?"

Kò bèèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ wá sórí tábìlì. Mo ká ẹ̀wù mi sókè, mo ṣí ikùn mi sílẹ̀. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mi ò sọ pé kò sí ọ̀tá láyé. Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé òun tẹ nǹkan kì í wo bàtà rẹ̀ mọ́, ojú ọ̀tá ló ń wò. Ẹ kọ́kọ́ wo bàtà ná. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín. Bí ẹbí bá gbé oyin wá, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Àdúrà nìkan ni mò ń gbà lọ́wọ́ Áfáà Sàká báyìí, ó bínú títí, ó ti gbà. Bí egbò yín ò bá dùn yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sáré.

Báyìí, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Ojú mi ti là díẹ̀. Egbò ti jinná. Mo lọ bá Hama lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ sọ, mo ní òun kọ́ ló ṣe é, ìṣó mi ni. Mo sún pákó mi sẹ́yìn díẹ̀ kí irin rẹ̀ lè nà. Mo ní kó má rò pé a ti di ọ̀rẹ́ o. Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀, ó ní kí n tún sún un díẹ̀ sí i.

Sìdí ti padà sílé. Mi ò gba ẹ̀sìn Madame yẹn, mi ò sì fọkàn tán Madame náà. Bí òṣùpá bá kún, Sìdí máa ń jókòó sí àgbàlá, á máa wò ó, èmi náà máa ń jókòó síbi tí mo ti lè máa wo òun. Ó sọ pé òun ò ní rì nǹkan kan mọ́ láìbi mí, mo sì máa ń fi ọ̀pá tú ẹnu ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tíì sí nǹkan. Àmọ́ lójoojúmọ́, kí n tó wọ bàtà, màá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, màá dojú rẹ̀ dé, màá gbọ̀n ọ́n. Òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé mo ti wọ ẹgbẹ́ wọn. Mo sọ fún un pé ìṣó ni mò ń wá. Ó ní, "Mo gbọ́, Baba." Tí mo bá ti ọjà dé tí ó rẹ̀ mí, mo máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ fún un kó bá mi gbọ̀n ọ́n. Ohun tó ń fẹnu sọ sí i, mi ò bèèrè.

Ó tó. Ràlíà, dúró níbẹ̀. Ka ohun tí o kọ fún mi. Ka gbogbo ẹ̀, má fo ibì kankan, mo mọ bí ohun tí mo sọ ṣe gùn tó. Ibi tí mo ti ní kó má fọwọ́ kan bàtà mi, àti ibi tí nọ́ọ̀sì ti bi mí léèrè tí mi ò dáhùn, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe sí mi létí báyìí, mi ò dití. Gbé ohùn sókè. Ìyá rẹ wà nídìí ààrò lẹ́yìn ilé. Kà á kó dé ibẹ̀.